Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Àdúrà

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Towé wọ Pobè, ẹ ó rí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíósì kékeré kan. Mo ní ó dúró. Àga wà nínú kíósì ọ̀hún, àga onítìmùtìmù tí ìyàwó rẹ̀ rà fún un, ṣùgbọ́n àga náà kò tíì mọ ìdí ọkùnrin yìí dáadáa. Anicet Èṣùbíyìí ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Fabiola ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, Jádesọ́lá aránṣọ, iwájú kíósì rẹ̀ gan-an ni àtíbàbà mi wà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí mo bá gbójú kúrò lára aṣọ tí mo ń rán, á ti kúrò níbi tí mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ mí láti wò ó.

Tẹ́tẹ́ ẹṣin ló ń tà. Kì í ṣe ẹṣin tiwa, a kò ní ẹṣin ní Pobè. Àwọn ẹṣin ilẹ̀ Faransé ni, tí wọ́n ń sáré ní Vincennes àti láwọn ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. PMU là ń pe tẹ́tẹ́ náà, ìjọba ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń sọ ẹni tó lè tà á, ibi tó ti lè tà á, àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ ti fèrèsé dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, àwọn àgbẹ̀ á sọ ọkọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíósì, wọn á máa jiyàn lórí ẹṣin tí ẹsẹ̀ ń dùn àti èyí tó kórìíra ẹrẹ̀. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ìtàn ìyá ẹṣin kan fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ tirẹ̀ ti wúkọ́ kú sẹ́yìnkùlé kó tó mọ̀. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́. Mo kàn ń gbọ́ ni, nítorí wọ́n ń pariwo.

Kí Anicet tó di onítẹ́tẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ. Wọ́n ní kó máa bomi rin àwọn ọ̀pẹ kéékèèké lójú kan, kò lè ṣe é. Á rin díẹ̀, á ju agbè omi sílẹ̀, á lọ bá àwọn tó wà lápá kejì oko sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó wá di ọlọ́kadà, zẹ́mìjan tiwa, iṣẹ́ yẹn sì bá a lára mu nítorí pé kò sí ìdúró nínú rẹ̀. Ó ń gbé èrò láti Pobè lọ sí Sakété, ó ń gbé wọn padà, inú rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ agbégi tì í sínú kòtò nítòsí Sakété. Láti ìgbà náà ni orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti le gbagidi, kò ṣeé ká kò. Kò lè gun ọ̀kadà mọ́, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kó fi roko. Ó lè dúró, ó lè rìn, kò sí iṣẹ́ míì tí ẹsẹ̀ yẹn wúlò fún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kíósì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ rọrùn, kó lọ tọrọ ìwé àṣẹ rẹ̀ wò. Anicet lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Sakété títí olùṣọ́nà ibẹ̀ fi mọ̀ ọ́n lórúkọ. Wọ́n bi í bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Wọ́n bi í ibi tó ń gbé, ẹni tó lè jẹ́rìí sí i, ojú ibi tó fẹ́ gbé kíósì sí gan-an. Nígbà tí ìwé náà wá jáde, ojú ibẹ̀ ló so mọ́. Bí o bá gbé kíósì kúrò láìsọ fún wọn, ìwé ti kú nìyẹn. O kò gbọdọ̀ tà fún ọmọdé, o kò gbọdọ̀ tà á láwìn, kíósì rẹ kò sì gbọdọ̀ wà láàárín ọgọ́rùn-ún mítà sí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé ìjọsìn. Bí ọdún méjì bá pé, wọn á wá wo ibẹ̀ kí wọ́n tó sọ ìwé náà dọ̀tun. Anicet gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun gbà, ó fọwọ́ sí i. Ó fi ìwé náà kọ́ sára ògiri kíósì, ó ń nù ún láràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ohun míì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ilé onísìn ìbílẹ̀ ni wọ́n ti bí i, orúkọ bàbá rẹ̀ sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Berthe ìyàwó rẹ̀ ló mú un wọ ìjọ. Olùṣọ́ Sylvain, tó ń darí wọn, ti dá a lábàá rí pé kó sọ Èṣùbíyìí di Olúwabíyìí, kó lè bá sùtánà, aṣọ funfun ìjọ, mu. Anicet ní orúkọ bàbá òun ni, bí Olúwa bá ń pe òun, Olúwa mọ ẹni tó ń pè. Bí Olùṣọ́ bá sì ń wàásù pé tẹ́tẹ́ kò dára, á gbójú sókè, á máa wo òrùlé. Anicet náà á máa wo òrùlé. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn.

Òrùlé yẹn gan-an ni ìjì ká lọ. Àwọn ọmọ ìjọ kò níbi tí wọ́n á ti máa sìn mọ́. Olùṣọ́ wá bá Anicet pé ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn kíósì rẹ̀, ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lò. Anicet kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí. Ìjọ náà ló dúró ti Berthe lọ́dún tó ṣàìsàn tí a rò pé kò ní dìde mọ́, wọn kò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ó ní kí wọ́n wá. Wọ́n gbé òpó dúró, wọ́n kan páànù lé e, wọ́n fi àgbélébùú sínú, wọ́n da iyanrìn sílẹ̀. Èmi ni mo rán aṣọ ìbòjú pẹpẹ wọn, nítorí èmi ni mo ń rán sùtánà wọn láti ọjọ́ pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ míì ni tèmi.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò rántí òfin. Èmi náà kò rántí. Lójú wa, ilé ìjọsìn tí òfin ń sọ ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ní agogo lókè, tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà lápá ọjà. Èyí, àtíbàbà onípáànù lásán ni, ẹ̀yìnkùlé Bàbá Fabiola sì ni. Berthe ló ń dá orin níbẹ̀, àwọn tó ń gbè é sì jẹ́ àwọn tí a jọ ń pàdé nídìí kànga. Ta ni yóò ro ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ sí ohun tí ìjọba ń fi okùn wọ̀n?

Ìpè ló kọ́kọ́ dé láti Sakété: ọdún méjì ti pé, alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Anicet sọ ìwé àṣẹ kalẹ̀ láti nù ún, ó wá ń kà á bó ṣe ń nù ún. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó jáde, ó lọ sẹ́yìn kíósì, ó padà, ó tún lọ. Ó wá sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé kí nìyẹn lẹ́yìn níbẹ̀un?"

"Ilé àdúrà yín ni. Kí ló dé?"

Ó fẹsẹ̀ lé ọ̀nà, ó rìn dé ìkóríta Prudence oníṣòwò gààrí, ó rìn padà. Ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sínú, mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rójú rẹ̀. Ó ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹṣin kan fún ẹni tó bèèrè òmíràn. Ó gbálẹ̀ ibi tó ti gbá. Berthe gbé oúnjẹ fún un, ó gbé abọ́ náà rìn káàkiri títí ọbẹ̀ fi tutù, ó gbé e padà fún un bó ṣe wà. Èmi náà kò lè ránṣọ tó gún mọ́, mo rán apá kan bùbá kọjú sẹ́yìn. Bó o bá ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀, tìẹ náà kò ní lélẹ̀.

Ó lọ bá Olùṣọ́. Ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà mi ni wọ́n dúró sí, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ jẹ́ ká yọ àgbélébùú yẹn, Olùṣọ́. Ọjọ́ kan péré. A ó pè é nílé ìkẹ́rùsí."

"Èmi ò ní yọ ọ́. Bó o bá yọ ọ́ fúnra ẹ, mi ò rí ẹ."

"Bí alábẹ̀wò bá wá bi yín ńkọ́?"

"Bó bá bi mí, mà á wí pé ilé Olúwa ni. Nítorí náà, kó má rí mi bi. Ẹnì kan ń ṣàìsàn ní Towé, ibẹ̀ ni mo ń lọ láàárọ̀ Ẹtì."

Mo rò pé aláìsàn náà fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn.

Berthe bínú. Ó ní, "Bàbá Fabiola, Olúwa lẹ fẹ́ sẹ́ àbí tẹ́tẹ́?" Anicet ní òun kò fẹ́ sẹ́ ẹnikẹ́ni, kíósì lòun fẹ́ mú dání, nítorí bí kíósì bá lọ, kí lòun tún fẹ́ fi orúnkún yìí ṣe láyé? Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Berthe bá a yọ àgbélébùú, ó fi aṣọ pẹpẹ wé e, wọ́n gbé e sábẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n to àpò àgbàdo sí ibi tí pẹpẹ wà. Èmi náà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi àtijọ́ tó ti kú lọ síbẹ̀, kí ibẹ̀ lè jọ ibi tí èèyàn ń kó ẹrù sí lóòótọ́.

Pacôme ni orúkọ alábẹ̀wò tó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ Sakété ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, ẹni tó rán ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì mọṣẹ́. Ó kí wa dáadáa. Ó wo ìwé lára ògiri, ó wo fèrèsé, ó wo àkọlé tó ní a kì í tà fún ọmọdé. Anicet ń yí i ká bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ohun gbogbo pé. Pacôme ti yọ bíírò jáde, ó ti tẹ ìwé sórí pákó fèrèsé, ló bá gbójú sókè.

"Kí ló wà lẹ́yìn níbẹ̀un, Bàbá?"

"Ilé ìkẹ́rùsí ni, Sẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá mi."

"Bon, ó dáa. Ẹ jẹ́ ká yà á wò, kí n lè kọ ọ́ pé mo wò ó."

Wọ́n lọ, Berthe tẹ̀ lé wọn, èmi náà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn mi, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Àgbàdo wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ mi wà níbẹ̀. Kò sí àmì kankan. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi. Anicet dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún, ó yọ ọ́, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ èkejì. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì wọ́n kí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́bàá ògiri, ó tẹrí ba, ó wọlé.

Pacôme ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo bàtà, ó wo àpò àgbàdo, ó wo ẹsẹ̀ Anicet lórí iyanrìn.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi bọ́ bàtà?"

Anicet wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Kò mọ ìgbà tó bọ́ ọ, mo lè búra sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ibẹ̀, kò fi bàtà tẹ iyanrìn náà rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Irọ́ ti wà lẹ́nu tèmi: mo fẹ́ sọ pé àgbàdo jíjẹ ni, kò fẹ́ kẹ́rẹ̀ dé ibẹ̀. Mo ti yanu. Berthe wò mí, mo pa á dé.

"Ilé Olúwa ni, Sẹ́ẹ̀fù," Anicet wí.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wí fún mi pé ilé ìkẹ́rùsí ni."

"Mo wí bẹ́ẹ̀. Ìta ni mo wà nígbà tí mo wí i."

Pacôme kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó yọ ẹsẹ̀ tó gbé wọlé padà sí ìta. Ó ń fi bíírò lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i. Bí òun bá fọwọ́ sí i tí ẹlòmíràn wá wò ó, iṣẹ́ tòun náà ti lọ nìyẹn. Anicet ní òun mọ̀.

"Kétu ni mò ń lọ báyìí," Pacôme wí. "Ibí ni mà á gbà padà sí Sakété kílẹ̀ tó ṣú. Ibi tí mo bá bá kíósì ni mà á kọ. Bí mo bá bá a níbèyí, mà á tì í pa." Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó lọ.

Àwọn àgbẹ̀ ti wà lóko. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni Anicet, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó dáa ló sì ní. Mo sáré lọ bá Prudence ní ìkóríta, torí Anicet ti fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n, mo mọ̀ pé ibẹ̀ jìnnà tó. Ó ní kí wọ́n gbé e wá, àmọ́ kí wọ́n má dí ojú gààrí òun. Nígbà tí mo padà dé, Anicet ti gbé èjìká ti ara kíósì, ó ń tì í. Kíósì náà kò mì. Ó ń tì í síbẹ̀.

Ọ̀sán ni àwọn ọmọ ìjọ dé fún ìsìn Ẹtì. Àwọn kan ti wọ sùtánà wá látilé láìwọ bàtà. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń bọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wọ sùtánà. Berthe ro ẹjọ́ fún wọn. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnì kan ní sùtánà kò gbọdọ̀ ru tẹ́tẹ́. Òótọ́ ni, gbogbo wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ti ń ṣú fún ìbínú. Àwọn tó gba ilẹ̀ rẹ̀ nìyí.

Àsìkò yẹn ni Olùṣọ́ Sylvain dé láti Towé. Aláìsàn rẹ̀ ti tètè yá. Ó wo kíósì, ó wo Anicet tí òógùn bò, kò wo òrùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀.

"Sùtánà ni kò gbọdọ̀ ru ú," ó wí. "Èjìká mi ò sí nínú òfin yẹn."

Ó bọ́ sùtánà rẹ̀, ó fún mi kí n fi kọ́ okùn àtíbàbà mi. Àwọn ọkùnrin yòókù bọ́ tiwọn. Okùn mi kún fún aṣọ funfun títí ó fi tẹ̀. Àwọn tó ní bàtà wọ̀ ọ́ padà, nítorí bí sùtánà bá ti kúrò lára, bàtà kì í ṣe èèwọ̀ mọ́. Wọ́n yí kíósì ká nínú ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì, Olùṣọ́ wà níwájú, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì gbé e gba àárín ọ̀nà Towé. Berthe dá orin, orin ìjọ ni, wọ́n ń gbè é. Anicet ń tiro níwájú wọn, ó ń yẹ òkúta kúrò lọ́nà. Mo ti ń gbé Pobè láti kékeré, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Wọ́n ṣì ń fi òkúta tẹ́ ìdí rẹ̀ nígbà tí Pacôme padà dé láti Kétu. Ó wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà, ó rìn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó kọjá ọgọ́rùn-ún mítà. Ó bèèrè pé àwọn wo ni wọ́n gbé e.

"Àwọn ará ilé ìkẹ́rùsí," Berthe wí.

Pacôme rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó kọ ojú ibi tuntun sínú ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, ó gba Sakété lọ.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Anicet jókòó. Mo na ọrùn láti àtíbàbà mi, mo rí i lórí àga rẹ̀ ní ìkóríta, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà síwájú gbọnrangandan. Mo pe Berthe kó wá wò ó. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, inú mi sì dùn débi pé mo ń rí i lójú inú kí n tó sùn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kíósì dé, àwọn ọmọ ìjọ ti padà wọ sùtánà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Prudence, níwájú kíósì gan-an. Ó dùn mọ́ Prudence. Ó ní kí wọ́n máa yà sọ́dọ̀ òun bí wọ́n bá ń kọjá. Wọ́n yà lọ́jọ́rú kan. Wọ́n tún yà lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e. Olùṣọ́ ní kì í ṣe ìjọ, àdúrà lásán ni.

Ọjọ́rú kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo gbé aṣọ lọ fún Prudence. Bàtà tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Anicet ti dìde lórí àga. Ó dúró láàárín kíósì àti ẹnu ọ̀nà náà, ó ń wo bàtà.

"Ṣé o rí ohun tí mo rí?" mo bi í.

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Sọ fún wọn kí wọ́n kúrò kí ibí náà tó di ilé àdúrà. Ọmọ Sakété yẹn á padà wá o."

"Á padà wá."

"Kí lo fẹ́ ṣe nígbà náà?"

Orin bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, ohùn Berthe ló dá a. Anicet rìn lọ sídìí kíósì, ó pa fèrèsé dé bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré kò tíì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó rìn padà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi nà án, omi sì ti dà lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún. Ó bọ́ èkejì, ó tì wọ́n kí wọ́n tò mọ́ ti àwọn yòókù, ó sì wọlé.